Níbi Tí A Ti Ń Wo Ìwọ̀n

Odò ló kọ́kọ́ jí ní Belém.
Aago mẹ́rin ò tíì lù tán
tó ti ń ti àwọn ọkọ̀ wá sẹ́bùúté lọ́kọ̀ọ̀kan,
fìtílà wọn ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ò tíì dá lójú rẹ̀.
Àwọn ọkùnrin ń sọ apẹ̀rẹ̀ àsàí kalẹ̀,
èso dúdú nínú òkùnkùn dúdú, ewé tútù bo ẹnu rẹ̀,
ẹnìkan ń pariwo iye owó
sí ẹlòmíràn tí ń pariwo pé irọ́ ni.

Ogún ọdún ni mo fi gbé ní gúúsù,
níbi tí òtútù ti ń bu ni jẹ nínú oṣù keje.
Mo ti gbàgbé pé afẹ́fẹ́ ibí máa ń lẹ̀ mọ́ni lára
bí ọwọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lá oyin.

Ver-o-Peso lorúkọ ọjà náà: Wo-Ìwọ̀n.
Láyé ọba òkè òkun, wọ́n ní,
ohun tó bá gba orí omi wá
gbọ́dọ̀ gun òṣùwọ̀n kó tó wọ̀lú,
kí wọ́n lè bu ti ọba nínú rẹ̀.
Ọba ti lọ.
Òṣùwọ̀n ò bá a lọ.
Ilé irin tí wọ́n kó lẹ́yọ lẹ́yọ gba orí òkun wá
ṣì na ṣóńṣó mẹ́rin sókè,
igún sì tò sórí rẹ̀ bí àgbà ìjọ tí ìwàásù ti sú.
Wọn ò rà, wọn ò tà,
wọn ò sì pa ọjọ́ ọjà kan jẹ.

Ìsọ̀ ìyá ìyá mi ni mo ń wá, ti Eufrosina,
tó ń ta ewé àti èèpo igi àti ìgò kéékèèké
tí orúkọ wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà ọmọdé:
Owó-Má-Yà, Ọkọ-Padà-Wálé,
Wá-Sunkún-Lẹ́sẹ̀-Mi.
Obìnrin kan ti wà níbẹ̀. Marinalva ló ń jẹ́.
Mo dárúkọ olóògbé.
Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀
bí ẹni ń wo abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n títí yóò fi dúró.
Ó wá kígbe sí ìlà ẹlẹ́ja:
“Deoclécio! Ọmọ Eufrosina dé o!”

Bàbá náà jáde tòun tọ̀bẹ, ìpẹ́ ẹja ń dán lápá rẹ̀.
Kò kí mi.
“Ìyá rẹ jẹ mí ní ẹja kílò méjì,
lọ́dún tí omi wọ ọjà dé orúnkún.”
Mo tọwọ́ bọ àpò. Ó mi orí.
“Kì í ṣe owó. Ìgò ló fẹ́ fi san án,
kí ìyàwó mi lè padà wálé.”
Ṣé ó padà?
“Ó padà kí ìgò tó délé.
Ìdí nìyẹn tí mi ò fi béèrè.”
Ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí ẹja tó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́.

Ó gbé ọ̀kan sórí ìwọ̀n, ẹja bí àrọ̀, onírùngbọ̀n gígùn.
Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó dúró.
“Wò ó fúnra rẹ.
Méjì àtijọ́, méjì tuntun. Kílò mẹ́rin lo jẹ báyìí.
Má lọ kú sí gúúsù.”

Mo dúró sáàárín ọjà, ẹja tútù ń kán sí mi lẹ́sẹ̀,
èmi tí mo sun ilé ìtura,
tí n kò ní ìkòkò kan ṣoṣo ní gbogbo ìlú yìí.
Marinalva ń to ìgò, kò gbójú sókè.
“Ìkòkò tèmi fẹ̀. Ilé aláwọ̀ ewé, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.
Wá lẹ́yìn òjò.”
Bí wọ́n ṣe ń dá àkókò níbí nìyẹn, mo rántí:
ṣáájú òjò, lẹ́yìn òjò.
Mo wo ojú ọ̀run lórí odò.
Kò tíì ṣú.